Mọ́tò Mi Kì í Ṣe Irin Pàǹtí

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá ka èyí kọ́kọ́ mọ̀ ni pé èmi ni mo ra mọ́tò náà. Kì í ṣe ọkọ mi. Owó iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo fi rà á, nígbà tí n kò tíì mọ ọkọ mi rárá, lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń kọ́ni ní yunifásítì, tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti padà sílùú rẹ̀. Ìjàpá ni, mọ́tò kékeré yẹn tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà níbi tí búùtù mọ́tò yòókù máa ń wà. Àwọ̀ ewé ni wọ́n kùn ún. Lọ́jọ́ tí mo wà á wọ Agbowó, níbi tí mo gba yàrá sí nígbà náà, gbogbo àwọn tí a jọ ń gbé ilé ló jáde síta. Wọ́n ń wò mí bí ẹni tó lọ gbé ohun olóhun.

Ọmọ Èkìtì ni mí, iṣẹ́ ló gbé mi dé Ìbàdàn. Nígbà tí ìyá mi gbọ́ nílé, wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé obìnrin tó bá ti ní mọ́tò kò ní í rí ọkọ fẹ́ mọ́, pé ẹ̀rù á máa ba àwọn ọkùnrin. Mo ránṣẹ́ padà pé èyí tí ẹ̀rù bá bà kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí n má baà fi mọ́tò gbá a.

Èyí tí ẹ̀rù ò bà sì wá. Akọ̀wé ìjọba ni. Kò mọ mọ́tò wà, kò sì kọ́ ọ títí ó fi kú. Ó ní ojú òun kò ríran tó, àti pé ó wu òun kí wọ́n máa gbé òun kiri. Ẹ̀gbẹ́ mi ló ń jókòó sí. Bí a bá ń kọjá ní Dúgbẹ̀ tí àwọn ọkùnrin ẹ̀bá ọ̀nà bá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ẹ wò ó, ìyàwó ló ń gbé ọkọ kiri," ńṣe ló máa ń ṣí fìlà, tó máa ń juwọ́ sí wọn bí ọba tó ń kọjá láàárín ìlú. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà gidigidi.

Mọ́tò yẹn ṣiṣẹ́. Obìnrin kan bímọ lórí àga ẹ̀yìn rẹ̀ ní Ṣàngó, lọ́sàn-án gangan, nígbà tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ kò jẹ́ ká dé ọsibítù, tí mo fi sítíárì sílẹ̀ tí mo bọ́ sẹ́yìn lọ gbẹ̀bí. Ó gbé wa dé Èkìtì lọ́dọọdún, ó sì ń gbé iṣu àti òróró bọ̀ títí ìdí rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, òun ló ń gbé wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìjọ Aládùúrà ni wá. Ẹni tó bá ti wọ sùtánà kì í wọ bàtà, nítorí náà ẹsẹ̀ lásán ni mo fi ń tẹ bírékì. Àwọn ọlọ́pàá ojú ọ̀nà mọ̀ mí: obìnrin tó wọ aṣọ funfun láti orí dé ọrùn ẹsẹ̀, tó ń wa ìjàpá láìwọ bàtà.

Ìpẹtà kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, ó dà bí eruku pupa lásán ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Mo fi ìka nù ún, ìka mi wọnú irin. Lẹ́yìn náà ó dé abẹ́ wíńdò, ó dé ibi tí wọ́n ń gbé bátìrì sí lábẹ́ àga ẹ̀yìn, ó wá dé ilẹ̀ mọ́tò, níbi tí mo ń gbé ẹsẹ̀ lé gan-an. Ọkọ mi wá páànù kan, ó fi bo ihò náà, ó tẹ́ ẹní kékeré lé e lórí. Ó ní, "Ó ti tán." Kò tán. Lọ́jọ́ Àìkú kan tí òjò ti rọ̀ mọ́jú, mo wa mọ́tò wọ kòtò kan lẹ́bàá ọjà Bódìjà, páànù náà sì fò. Omi ẹrẹ̀ tú sókè láti ìsàlẹ̀, ó bo sùtánà mi títí dé àyà. Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀ṣì, wòlíì wa wò mí, wọ́n ní ṣé mo ṣubú ni. Mo ní rárá, ilẹ̀ mọ́tò ló ṣí. Ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi títí wọ́n fi ní kó lọ jókòó síta.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbé e sábẹ́ igi fúrúùtù lẹ́yìn ilé wa ní Bódìjà. Èrò wa ni pé a ó tún un ṣe. Ṣùgbọ́n àsìkò náà ni gbogbo nǹkan yí padà, tí náírà ń já wálẹ̀ bí èso tó ti pọ́n jù. Táyà kan ṣoṣo di ohun tí ènìyàn ń gbàdúrà kó tó rí. A sún un síwájú, a tún sún un síwájú. Ọkọ mi wá dùbúlẹ̀ àìsàn, kò sì dìde níbẹ̀. Ọmọ méjì ló fi sílẹ̀ fún mi, àti ilé tí a kọ́ pọ̀, àti irú ìdákẹ́jẹ́ kan tí n kò mọ̀ pé ó lè wà nínú ilé.

Àbúrò rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Bọ̀dá ni mo ń pè é, "ẹ̀yin" ni mo sì fi ń bá a sọ̀rọ̀, nítorí pé wọ́n ti bí i sínú ilé náà kí n tó wọ ibẹ̀ bí ìyàwó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Nínú ìtàn tèmi yìí, "ó" ni màá pè é. Lẹ́yìn tí a sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá sílé wa lemọ́lemọ́. Á dúró láàárín pálọ̀, á máa wo ògiri, á máa wo àga, bí ẹni tí wọ́n ní kó wá yẹ ẹrù wò. Lọ́jọ́ kan ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ó dúró ti ìjàpá, ó fi ẹsẹ̀ gbá táyà rẹ̀ tó ti rọ̀.

"Ìyàwó wa," ó ní, "kí lẹ fẹ́ ṣe sí mọ́tò bọ̀dá mi yìí?"

"Mọ́tò ta ni, Bọ̀dá?"

"Mọ́tò bọ̀dá mi. Ẹ ò rí i pé ó ti di ilé àwọn aláǹgbá? Àwọn wolé-wolé ń kiri àdúgbò ní Sátidé tí ìjọba ní ká máa tún àyíká ṣe. Wọ́n á mú yín. Orúkọ ìdílé wa ni wọ́n á sì bà jẹ́."

"Bọ̀dá, èmi ni mo ni mọ́tò yìí. Kí n tó mọ ẹ̀gbọ́n yín ni mo ti ń wà á."

Ó rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìjà. Irú ẹ̀rín tí wọ́n ń rín sí ọmọdé ni. "Ohun ìyàwó, ohun ọkọ ni," ó ní, "ohun ọkọ sì rèé, ohun ìdílé ni. Ẹ má da ara yín láàmú. Màá bá yín yanjú ẹ̀."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ òwúrọ̀ ni mo ṣe. Ní ọ̀sán, tákísì já mi sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà àdúgbò wa, mo sì rí lọ́rì kan tó gbé ìdí rẹ̀ wọ inú ọgbà wa. Ti àwọn ọkùnrin tó ń ra irin pàǹtí fún àwọn tó ń yọ́ ọ ni. Ọ̀kan wà nílẹ̀ lábẹ́ ìjàpá mi, ó ń so ṣéènì mọ́ ọn. Àbúrò ọkọ mi dúró lábẹ́ igi, ó ń juwọ́ júwe ibi tí wọ́n á gbà.

N kò pariwo. Ara mi tutù lọ́nà tí ó máa ń tutù ní ọsibítù nígbà tí nǹkan bá le, tí gbogbo ènìyàn ń sáré tí èmi ń rìn. Mo gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá nínú aṣọ funfun iṣẹ́ mi. Mo fa ilẹ̀kùn mọ́tò, ó ké, ó ṣí. Mo jókòó sórí àga dírẹ́bà. Mo ti ilẹ̀kùn, mo gbé ọwọ́ méjèèjì lé sítíárì.

Ẹni tó wà nílẹ̀ yọ orí jáde. "Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ̀kalẹ̀, a fẹ́ fà á."

"Ẹ máa fà á."

"Ẹ̀yin wà nínú ẹ̀."

"Mo mọ̀. Ẹ máa fà á. Ibi tó bá ń lọ, ibẹ̀ lèmi náà ń lọ."

Àbúrò ọkọ mi dé ẹ̀gbẹ́ wíńdò. Ojú ti ń tì í, nítorí àwọn ará ilé òdìkejì ti ń yọjú lórí fẹ́ǹsì. "Ìyàwó wa, kí lẹ̀ ń ṣe yìí? Ṣé ẹ fẹ́ sọ ara yín di ẹni ìran wíwò ni?"

Èdè Èkìtì ni mo fi dá a lóhùn. Bí inú bá bí mi tán, Yorùbá Ìbàdàn kì í rọ̀ mí lẹ́nu mọ́. N kò ní í kọ ohun tí mo sọ síbí, àwọn ọmọ mi lè kà á. Kókó rẹ̀ ni pé kó pe gbogbo ìdílé rẹ̀, alààyè àti òkú, kó bi wọ́n bóyá ẹnì kan nínú wọn dá sísì kan sí mọ́tò náà rí.

Olórí àwọn oníirin náà ti wá dúró tì wá. Àgbà ọkùnrin ni, ó rọra ń sọ̀rọ̀. "Màdáàmù, a ti sanwó o."

"Ta lẹ san án fún?"

Ó nàka sí àbúrò ọkọ mi.

"Ṣé ó wà á wá pàdé yín? Ṣé ẹ ti rí i nínú rẹ̀ rí? Ẹ ní kó wá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kí ẹ rí i. Ẹ ní kó fi ibi tí ẹ́ńjìnnì wà hàn yín."

Àbúrò ọkọ mi, nínú ìbínú, lọ síwájú mọ́tò. Ó di bọ́nẹ́ẹ̀tì mú. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin orí lọ́rì bú sẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ẹni tó ń wọ mọ́tò ìjàpá tí kò mọ̀ pé ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. Àgbà ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó wò ó, ó wò mí, ó ní kí wọ́n tú ṣéènì.

"Ọ̀gá," ó sọ fún àbúrò ọkọ mi, "ẹ dá owó wa padà. Irin ni mò ń rà, n kì í ra ẹjọ́."

Ó dá a padà níbẹ̀, lójú gbogbo wọn. Lẹ́yìn tí lọ́rì lọ, ó ní òun á kó ìdílé jọ lé mi lórí. Mo ní kó kó wọn jọ. N kò sọ̀kalẹ̀ títí ó fi jáde kúrò nínú ọgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú mọ́tò náà gbóná bí ìkòkò, tí òógùn sì ti so aṣọ mọ́ mi lára.

Ẹ má rò pé mo jẹ́ ẹni tó ń bọ mọ́tò. Ní ọjọ́ kejì, mo jáde pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́, mo yí i po, mo sì wò ó bí mo ṣe ń wo aláìsàn tuntun. Kò lè máa wà níbẹ̀ títí. Owó àtitún un ṣe kò sí lọ́wọ́ mi, ilé ìwé àwọn ọmọ ń dúró dè mí. Títà ni ó tọ́ sí. Ṣùgbọ́n mo pinnu pé n kò ní í tà á bí irin, n kò sì ní í parọ́ tà á bí mọ́tò tó pé. Ohun tó jẹ́ gan-an ni màá tà: mọ́tò tó ti gbó, tí egungun rẹ̀ ṣì wà, tó ń wá ẹni tó máa jí i dìde.

Mo ra ọ̀dà dúdú, mo wá pákó, mo kọ ọ́ sí i: MỌ́TÒ TÍTÀ. Ó TI DÍPẸTÀ. KÒ RÌN. ẸNI TÓ BÁ LÈ TÚN UN ṢE NI KÓ WỌLÉ. Mo gbé e kọ́ sí ẹnu géètì.

Gbogbo àdúgbò ló rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ yunifásítì kan tó ń gbé òdìkejì wa dá mọ́tò tirẹ̀ dúró, ó ka pákó náà sókè, ó tún un kà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ibi iṣẹ́ sọ pé irú òǹtajà wo nìyí, pé ó dà bíi kí oníṣu jókòó nínú ọjà Bódìjà kó máa kígbe pé iṣu òun ti rà.

"Bí ìdí iṣu bá rà," mo dá a lóhùn, "tí mo sì sọ pé ìdí ló rà, ẹni tó fẹ́ fi orí rẹ̀ ṣe èbù á rà á."

"Ta ló ń dáko ní Bódìjà?" ó ní.

Ẹni àkọ́kọ́ tó wọlé jẹ́ alárobọ̀ ọkọ̀ kan láti Challenge, ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá olówó tà, tó ń bá aláìní rà. Ó wọ awò dúdú, kò sì bọ́ ọ títí ó fi lọ. Ó fi ìka kan ilẹ̀kùn níbi tó ti jẹ.

"Màdáàmù, èyí ò le. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mi fi pọ́tì dí gbogbo ihò yìí, ká họ ọ́, ká fọ́n ọ̀dà sí i. Ẹ̀yin gan-an ò ní í mọ̀ ọ́n mọ́."

"Bí òjò bá wá rọ̀ ńkọ́?"

"Kí òjò tó rọ̀, ó ti kúrò lọ́wọ́ wa."

"Ọwọ́ ta ló máa wá wà nígbà náà?"

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ ìbéèrè náà. "Ẹni tó rà á ni."

Mo ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n ń gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ lójú ọ̀nà wá. Mo mọ ohun tí irin tó jẹrà lábẹ́ ọ̀dà tuntun ń ṣe sí itan ènìyàn. Mo ní kó máa lọ. Ó ní mo ti pàdánù èrè. Mo ní kó bá mi kí èrè náà.

Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn kan wá tó jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì nìkan ni wọ́n fẹ́ yọ. Ẹlòmíràn fẹ́ mú ilẹ̀kùn kan ṣoṣo lọ. Mo lé gbogbo wọn. Àwọn ọmọ mi ti ń bẹ̀bẹ̀ pé, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tà á fún ẹnikẹ́ni," nítorí wọ́n ń fi pákó náà ṣe wọ́n ní yẹ̀yẹ́ ní ilé ìwé. Mo ní kí wọ́n sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn pé ìyá wọn mọ òótọ́ kọ.

Ní ọ̀sán kan, ọkùnrin kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún kan géètì. Ṣẹ́ẹ̀tì kakí ló wọ̀, ó ti fọ̀ ọ́ títí ó fi di àwọ̀ eérú. Ó ní iṣẹ́ rélùwéè ni òun ṣe fẹ̀yìn tì, pé òun ń gbé ní ẹ̀yìn Challenge, pé tákísì tí òun wọ̀ gba ibí kọjá ni òun fi rí pákó mi.

Mo mú un dé abẹ́ igi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àléébù mọ́tò náà fún un bí mo ṣe ń ka ìròyìn aláìsàn fún nọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. "Bàbá, ilẹ̀ rẹ̀ ti lu. Abẹ́ bátìrì ti jẹ lọ pátápátá. Ilẹ̀kùn méjèèjì ti rà nísàlẹ̀. Bírékì rẹ̀, n kò lè fọwọ́ sọ̀yà. Wáyà iná rẹ̀, eku ti jẹ díẹ̀ níbẹ̀."

Bàbá náà tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n wọ abẹ́ rẹ̀ lọ. Mo ń gbọ́ tí wọ́n ń fi nǹkan kan án, kọ́, kọ́, kọ́. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, ìpẹtà ti kún irun wọn.

"Ẹ ti sọ ohun tó bàjẹ́," wọ́n ní. "Kí ni kò bàjẹ́?"

Láti ìgbà tí mo ti gbé pákó yẹn síta, ẹnikẹ́ni ò bi mí ní ìbéèrè yẹn rí. Mo ní, "Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò bàjẹ́. Lọ́jọ́ tí mo gbé e síbí, òun fúnra rẹ̀ ló rìn wá. Orí rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ le. Kò tíì kọlu nǹkan kan rí."

"Ó dára," wọ́n ní. "Ẹ jẹ́ kí n lọ mú ìyàwó mi wá. Bí mo bá dá a rà láìsọ fún un, mọ́tò náà ni màá máa sùn sí."

Wọ́n mú ìyàwó wọn wá lóòótọ́. Obìnrin gíga ni, kò sì jókòó sórí àga tí mo gbé fún un. Ó wo ìjàpá náà lẹ́ẹ̀kan, ó kọjú sí mi.

"Ìyá, ẹ forí jì mí. Ọkọ mi ti fẹ̀yìn tì. Ìgbà tí ìjọba bá rántí wọn ni wọ́n ń san owó fún wọn. Kí ló dé tí ẹ fẹ́ ta pàǹtí fún arúgbó tí kò ní iṣẹ́ mìíràn?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. "Ìyá," mo ní, "ẹ ka pákó tó wà ní ẹnu géètì mi. Kò sí ohun tí mo fi pamọ́ fún bàbá. Ohun tó wà lára pákó yẹn ni mò ń tà. Bí ẹ ò bá fẹ́, n kò ní í bínú. Ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní pàǹtí níwájú mi. Wọ́n ti gbé lọ́rì wá pè é bẹ́ẹ̀ nínú ọgbà yìí, mo sì wọ inú rẹ̀ jókòó."

Ó tún yíjú wo ìjàpá náà. "Ẹ jókòó sínú rẹ̀?"

"Mo jókòó sínú rẹ̀ títí wọ́n fi lọ."

"Ta ló ń wà á tẹ́lẹ̀?"

"Èmi ni. Èmi ni mo rà á."

"Ọkọ yín ńkọ́?"

"Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ yẹn ló ń jókòó sí."

Obìnrin náà fa ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Ó tẹ̀ ba, ó wọlé, ó jókòó. Orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òkè. Ó di sítíárì mú, ó yí i sọ́tùn-ún díẹ̀, ó yí i sósì. Ọkọ rẹ̀ dúró, wọ́n ń nu ìpẹtà ọwọ́ wọn sí ara ṣòkòtò, wọ́n ń wò ó.

"Bàbá," ó ní, láìwo ojú wọn, "bí ẹ bá tún nǹkan yìí ṣe, ta ló máa wà á?"

"Èmi kọ́?" ni bàbá dáhùn.

"Irọ́ ni. Ẹ ti wa rélùwéè tó."

Bàbá ní àwọn kò wa ọkọ̀ ojú irin rí, pé àtúnṣe ni iṣẹ́ àwọn. Ìyàwó wọn ní kò burú, kí wọ́n máa bá àtúnṣe lọ. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe yanjú. Òun ló wá bá mi dúnàádúrà, kì í ṣe bàbá, ó sì mọ̀ ọ́n dú débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú. Iye tí a fẹnu kò sí kò tó ti mọ́tò, ó sì pọ̀ ju ti irin lọ. Ibi tí mo fẹ́ kó wà gan-an nìyẹn.

Ọjọ́ tí wọ́n wá gbé e, píkọ́ọ̀pù ọ̀rẹ́ bàbá kan ni wọ́n fi okùn so ó mọ́. Wọ́n ti fẹ́ atẹ́gùn sí táyà, ó sì gbà á. Ó ku ẹni tó máa mú sítíárì. Bàbá gbọ́dọ̀ wà nínú píkọ́ọ̀pù láti máa ṣọ́ okùn. Mo ní kí gbogbo wọn máa bọ̀, mo wọlé sínú mọ́tò mi. Ìyàwó bàbá wọlé sí ẹ̀gbẹ́ mi. A gba Mọ́kọ́lá, a sọ̀kalẹ̀ sí Dúgbẹ̀, a gba ọ̀nà Mọ́lété. Ní Dúgbẹ̀, àwọn tákísì ń fọn fèrè lẹ́yìn wa, ẹnì kan sì kígbe pé, "Ẹ sin òkú yín kíá!" Obìnrin náà ní kí n má dá a lóhùn. Mo dá a lóhùn.

Ẹkún ò wá. Mo ti rò pé á wá, mo tilẹ̀ mú áńkáṣíìfù dání.

Àbúrò ọkọ mi kó ìdílé jọ bó ṣe ṣèlérí. Wọ́n pè mí sí ilé àgbà wọn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, nítorí àgbà ni wọ́n, mo sì dìde. Ó ro ẹjọ́ rẹ̀: mo dójú tì í níwájú àjèjì, mo ta ohun ìdílé, n kò sì mú owó tí mo tà á wá síwájú ẹbí. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá ní kí n tún kúnlẹ̀, kí n bẹ̀ ẹ́, kí ọ̀rọ̀ lè tán.

"Ẹ̀yin bàbá," mo ní, "mo ti kúnlẹ̀ kí yín. Bí ẹ bá ní kí n tún kí yín, màá tún kí yín. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi rà, tí mo fi ọwọ́ ara mi tà, n kò ní í bẹ ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ọkọ mi ṣì wà láyé, Bọ̀dá ò jẹ́ pè é ní 'mọ́tò bọ̀dá mi'."

Ariwo sọ. Àwọn kan ní obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú kì í sọ̀rọ̀ báyẹn. Àbúrò bàbá ọkọ mi obìnrin, tí wọ́n ti ń tòògbé láti ìbẹ̀rẹ̀, la ojú. Wọ́n bi gbogbo ilé pé nínú àwọn tó jókòó síbẹ̀, ta ló tíì rí i kí olóògbé di sítíárì mú rí? Kò sẹ́ni tó dáhùn. Wọ́n ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká jẹun." Ìpàdé náà ò parí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó dá mi láre, kò sẹ́ni tó dá mi lẹ́bi. Àbúrò ọkọ mi ò wọ ilé mi fún ìgbà pípẹ́. N kò ránṣẹ́ pè é. Nígbà tí ó wá padà dé, ojú ara rẹ̀ ni ó fi rí i pé mo ti gbin ẹ̀wà àti ilá sí ibi tí mọ́tò wà, kò sì béèrè nǹkan kan. Mo fún un ní omi tútù, mo sì pè é ní bọ̀dá.

Bàbá pẹ́ lórí ìjàpá náà ju bí ẹnikẹ́ni ti rò lọ. Jórinjórin kan ní Challenge gé ilẹ̀ tuntun fún un. Wọ́n ń tún un ṣe, owó á tán, wọ́n á dúró, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Mo ń gbọ́ ìròyìn lẹ́nu ìyàwó wọn, tó máa ń yà sọ́dọ̀ mi bó bá wá ra ẹ̀wà ní ọjà Bódìjà. Ó ń ṣàròyé, ṣùgbọ́n ó mọ orúkọ gbogbo ohun tí bàbá ń tún ṣe, ó sì ti lọ kọ́ mọ́tò wíwà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn dírẹ́bà ní Ring Road, níbi tó ti jẹ́ òun nìkan ni ìyá àgbà láàárín wọn.

Níkẹyìn, wọ́n wà á wá fi hàn mí. Wọn ò tíì kùn ún tán: ara rẹ̀ kan jẹ́ àwọ̀ ewé tó ti ṣá, ara rẹ̀ kan pupa bí osùn, níbi tí wọ́n ti fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ bo irin tuntun. Ìyá wà nídìí sítíárì, gèlè rẹ̀ ń kan òkè. Bàbá wà lẹ́yìn, wọ́n gbé àpótí irinṣẹ́ sórí itan. Wọ́n ní kí n wọlé, kí wọ́n gbé mi lọ sí Ṣàngó ká lọ ra nǹkan.

Fèrè rẹ̀ ò dún. Bàbá ní òun ò tíì dé ibẹ̀. Nígbà tí a dé àárín àwọn èrò tó ń sọdá láìwo ẹ̀yìn, ìyá fi orí yọ láti wíńdò, ó kígbe mọ́ wọn pé, "Ẹ yàgò! Ẹ yàgò o!" Àwọn ènìyàn yíjú padà, wọ́n ń wo mọ́tò aláwọ̀ méjì àti obìnrin arúgbó tó ń wà á, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo yí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ tèmi wálẹ̀, èmi náà fi orí yọ, mo sì bá a pariwo.